Ọ̀rá Egbò tí Kò Padà sí Sítọ́ọ̀

Ní ilé wa ní Àgbowó, tí ọṣẹ bá tán, o ò lè kàn sọ pé ó tán kí wọ́n sì fún ọ ní òmíràn. O ní láti mú eérún rẹ̀ wá, kó tiẹ̀ tín-ín-rín bí èékánná. Bàbá mi á gbà á, wọ́n á yí i síwá yí i sẹ́yìn, kí wọ́n tó wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n yọ tuntun. Gílóòbù tó jó ńkọ́? Mú un wá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti hu irùngbọ̀n? Mú un wá. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ṣe sítọ́ọ̀kípà ní Sẹkitéríàtì, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, ìjọba gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́ wọn ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti gba òfin rẹ̀. "Ògbólógbòó á kọ́kọ́ wọlé, kí tuntun tó jáde." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń ka Kátíkísìmù. Èmi tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí mo ń gba owó oṣù, mo ṣì ń ru òkú bátìrì lọ bá bàbá mi nínú yàrá kí n tó rí èyí tí n ó fi sí rédíò.

Nígbà tí egbò mú wọn ní ojúgun òsì, ní àárín àwọn ọdún 1990, mo rò pé ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀ kò lè kàn án. Ilẹ̀kùn tasí kan tó ti dógùn-ún ló ha wọ́n lẹ́sẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn, egbò náà sì kọ̀, kò jinná. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń fẹ̀. Àwa méjì péré la wà nílé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, nítorí náà èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa báńdéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìwọ̀nba awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á bá a jáde, bàbá mi á sì máa kọ orin ìsìn láìṣí ẹnu kí n má baà gbọ́ pé wọ́n ń kérora.

Dókítà kan ní ilé ìwòsàn kan níhà Jẹ́ríkò wá là á mọ́lẹ̀ fún wa. Ó fún wa ní oṣù méjì. Tí kò bá sí àyípadà lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún kó tó di pé jíjẹrà á gòkè. Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó kọ ọjọ́ sí i. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìgbéga.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà gan-an ni iṣẹ́ egbò. Ní yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa oògùn, lábẹ́ ọ̀gá kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀rá egbò là ń ṣe. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rò pé oúnjẹ ni mò ń sè níbi iṣẹ́. A máa ń ra èèpo edé ní ọjà Bódìjà, a ó fi kẹ́míkà bọ́ ohun tí a kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan funfun kan tó ń yọ́ nínú omi kíkan. A ó rò ó pọ̀ mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, a ó da oògùn tó ń pa kòkòrò egbò sí i, a ó tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ kó gbẹ. Tó bá gbẹ, á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, oògùn inú rẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ara fúnra rẹ̀ á sì máa jẹ ọ̀rá náà. Kò sí pé à ń ṣí i, kò sí pé à ń fà á tu. Tó bá fi máa di ọjọ́ keje, ọ̀rá ti tán, awọ tuntun ló kù. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ nìyẹn, pé ó ń tán.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀sín tirẹ̀ o. Iná kì í pẹ́ lọ, tí iná bá sì ti lọ, ẹ̀rọ tó ń gbẹ ọ̀rá á dákẹ́. A ó wá gbé gbogbo àwo síta sínú oòrùn, èmi tí mo kàwé gboyè á jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ẹ̀ka igi, n ó máa lé aláǹgbá. Aláǹgbá fẹ́ràn edé ju bí ẹ ṣe rò lọ.

A ti dán ọ̀rá náà wò lára ehoro, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ti gbà kí á lò ó fún ẹni tó bá fọwọ́ sí i. Bàbá mi fọwọ́ sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí wọ́n ní ìwé tí kò bá ní ẹ̀dà, òfo ni. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo wẹ egbò náà, mo lẹ ọ̀rá àkọ́kọ́ mọ́ ọn, mo fi aṣọ tínrín wé e lóde.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Bàbá. Tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, á ti tán."

"Á ti tán lọ sí ibo?"

"Sínú ara yín."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ní ológbò ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé pé, mo tú aṣọ, mo sì pariwo. Ọ̀rá ti tán pátápátá. Etí egbò tó ti dúdú láti ọjọ́ yìí ti ń pọ́n, ó mọ́, ó ń dán. Inú mi dùn dé ibi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ojúgun wọn pẹ́, ojú wọn yí padà, mo sì rò pé ayọ̀ ni. Mo sáré mú ọ̀rá kejì. Dípò kí wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi, ọwọ́ ni wọ́n nà.

"Ògbólógbòó dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo sọ fún yín pé ó máa tán."

"Nǹkan kì í tán, ọmọ mi. Wọ́n lè jí i. Ó lè jóná, a ó rí eérú. Ikán lè jẹ ẹ́, ikán á ṣẹ́ ìyókù sílẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi wà ní sítọ́ọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó wá bá mi pé ara òun ló jẹ tábìlì ìjọba." Wọ́n fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn bo egbò. "Tí ògbólógbòó bá wọlé, tuntun á jáde."

Ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé eré ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àpò ìwé kan lábẹ́ ife tíì mi. Kúẹ́rì ni. Bàbá mi tó bí mi lọ́mọ fún mi ní kúẹ́rì: kí n ṣàlàyé nínú ìwé, láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ìdí tí báńdéèjì kan tó wà ní ìkáwọ́ mi fi kúrò ní ojúgun òsì wọn láìgba àṣẹ, àti ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n bá mi wí. Inú bí mi. Mo fa bírò yọ, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "Yíyọ́." Ní ìrọ̀lẹ́, ìwé náà ti padà sábẹ́ ife mi. Wọ́n ti fi íǹkì pupa kọ ọ́ sí i pé èsì náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá báyìí. Hańkáṣíìfù ni wọ́n fi wé egbò náà, wọ́n ń bá eṣinṣin jà pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí wọ́n ká. Mo bẹ̀bẹ̀, mo jágbe, mo sunkún. Mo ní kí wọ́n rò ó pé ọjọ́ tí dókítà dá kò dúró dè wá. Wọ́n ní òfin ni òfin.

Èmi náà wá lo ọgbọ́n. Mo lọ sí ibi iṣẹ́, mo mú ọ̀rá kan, mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi di jákujàku, mo kán tíì díẹ̀ sí i kó lè jọ ohun tó ti ṣiṣẹ́, mo gbé e wálé nínú ṣáásà. Mo ní mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ṣíbí gbé e sókè. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Èyí kò tíì mọ ẹsẹ̀ ènìyàn rí," ni wọ́n wí. Ní ọjọ́ kejì, kúẹ́rì kejì dé, ti ẹ̀tàn.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í bá ènìyàn jiyàn tí kò bá sí àpẹẹrẹ lára ehoro. Wọ́n ní àwọn á wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì wá lóòótọ́, wọ́n jókòó ní pálọ̀ wa, wọ́n ya ara ènìyàn sórí ìwé, wọ́n ya ọ̀rá, wọ́n fi ọfà tọ́ka bí ó ṣe ń di wẹ́wẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ kú làálàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, níbo ló ń gbà jáde?"

Ọ̀gá mi, tí wọn ò mọ̀ pé ẹnu ihò ni àwọn dúró sí, fi pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí ara bá lò tán, ìtọ̀ ló ń gbé èyí tó bá kù jáde, Bàbá."

Mo rí i tí ojú bàbá mi là. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtọ̀ wọn pa mọ́. Ìgò ọsàn tí wọ́n ti mu tán ni wọ́n ń tọ̀ ọ́ sí, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n ń kọ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ sí i, wọ́n sì ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fàráńdà ní ìlà tó tọ́ ju ti sójà lọ. Mo rò pé wàhálà parí nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ògbólógbòó ti wọlé, ó yá, ẹ na ẹsẹ̀." Wọ́n ní rárá. Ta ló máa jẹ́rìí sí i pé báńdéèjì ló wà níbẹ̀, pé kì í ṣe tíì?

Egbò náà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú létí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, mo fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n léèrè, nítorí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

"Bàbá, ní sítọ́ọ̀ yín, tí nǹkan bá sọnù tí gbogbo yín wá a tì, kí lẹ máa ń ṣe?"

Wọ́n ń wo ọ̀nà ọjà.

"Ìgbìmọ̀ ló ń jókòó lé e."

Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, mo ti wọ bàtà. Mo wọ ọ̀kadà, mo lọ ká àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta tí àwọn náà ti fẹ̀yìn tì mọ́lé. Ọ̀kan ń gbé ní Ring Road, òun ló ń tọ́jú fáìlì nígbà ayé iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan ń gbé ní Challenge, ẹni tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà ni. Ẹ̀kẹta, Bódìjà ló ń gbé, ọ̀gá ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ìgbìmọ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n wá ṣe lórí báńdéèjì tó yọ́ mọ́ bàbá mi lẹ́sẹ̀. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá Ring Road kàn bi mí léèrè àsìkò tí ìjókòó máa bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú ooru. Mo fún wọn ní tíì àti búrẹ́dì. Bàbá Ring Road gba ipò alága láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn wọ́n. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n ní kí bàbá mi jáde síta ná, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kì í jókòó sínú ìgbìmọ̀, bàbá mi sì jáde lọ dúró sí abẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì wọn lé bíríkì kan. Wọ́n wá pè wọ́n padà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n yẹ ojúgun wọn wò. Bàbá Challenge fi ìka wọn egbò náà láìfọwọ́ kàn án, bí ẹni ń wọn kòtò ojú títì, wọ́n mi orí.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa wọ́ lọ sí fàráńdà láti lọ yẹ ògbólógbòó wò. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá ilé-ìwé mú ìgò kan, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n ní kò sí ohun tí ojú lásán lè rí níbẹ̀. Bàbá mi mi orí pé àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bàbá Ring Road fi tẹ̀ ba.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni wọ́n wí. "Kí ni eèrà ń wá níbí?"

Lóòótọ́ ni. Eèrà ti tò láti inú koríko dé ẹnu àwọn ìgò náà, wọ́n ń gun orí ara wọn. Àwọn àgbààgbà mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sórí wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Bàbá Challenge bi mí, "kí lẹ sọ pé ẹ fi ṣe báńdéèjì yẹn?"

"Èèpo edé ni, ẹ̀yin Bàbá. Àti sítáàṣì ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́!" Bàbá Ring Road nà dúró, wọ́n fọwọ́ lu itan. "Ó ti yé wa. Eèrà kì í tò sí ibi tí kò sí oúnjẹ. Báńdéèjì náà ló wà níbẹ̀ yẹn!"

Mo ṣí ẹnu, mo tún pa á dé. Ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ọmọdé tó wà ní pámárì mọ ohun tí eèrà ń wá nínú ìtọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bàbá mi náà mọ̀, àwọn dókítà ti sọ ọ́ fún wọn lójú mi. Mo ń wo ẹnu bàbá mi. Tí wọ́n bá ti lè sọ pé ṣúgà ni, ìgbìmọ̀ tú ká nìyẹn, ẹsẹ̀ sì lọ. Wọ́n wo àwọn eèrà náà. Wọ́n wo èmi náà. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìgbìmọ̀ kọ àbọ̀ ìjókòó rẹ̀ sójú ìwé méjì. Ohun-èlò náà kò sọnù, wọn kò jí i, ó ti ṣiṣẹ́ tán, ó sì ti padà ní ọ̀nà tí ó lè gbà padà; eèrà jẹ́rìí sí i. Kí wọ́n fún aláìsàn ní òmíràn. Kí wọ́n sì da ohun tó wà nínú ìgò nù kíákíá, nítorí òórùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, wọ́n jẹ búrẹ́dì tó kù, wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi na ẹsẹ̀ sí mi láìsọ̀rọ̀. Mo lẹ ọ̀rá kejì mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ oúnjẹ wọn bí ọlọ́pàá, mo gba ṣúgà kúrò nínú tíì wọn, wọ́n sì ń lo oògùn wọn déédéé. Ọ̀rá kẹta tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé e. Wọn ò béèrè ògbólógbòó mọ́. Egbò náà ń sún, ó ń kéré, títí ó fi di ojú kọ́bọ̀ kan, títí tó fi pa dé. Awọ tó bò ó kò ní irun, ó pọ́n ju ìyókù ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n awọ ni.

Ọjọ́ tí dókítà dá pé. A wọ tasí lọ sí Jẹ́ríkò. Dókítà náà tẹ ojúgun wọn, ó tún un tẹ̀, ó yẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún wò bóyá òun ló gbàgbé èyí tó jẹ́. Ó bi mí ohun tí a lò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un pẹ̀lú ìgbéraga tí mi ò pa mọ́. Bàbá mi já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní kí dókítà jọ̀wọ́ mú ìwé tí orúkọ àwọn wà níbẹ̀ wá, kó fagi lé e lójú àwọn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà kan. Bàbá mi ní kó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó fà á.

A jáde, a dúró ní etí títì kí tasí dé. Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń sín wọn jẹ, mo ní, "Ògbólógbòó dà? Ògbólógbòó dà?" Wọ́n di apá mi mú. Bàbá mi kì í di ènìyàn lápá mú.

"Mo mọ̀ pé ṣúgà ni eèrà ń jẹ," ni wọ́n wí.

"Èmi náà mọ̀ pé ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀ pé báńdéèjì yẹn yọ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ṣé mo jọ òmùgọ̀ lójú ẹ ni?" Wọ́n ń wo ọ̀nà, wọn ò wo ojú mi. "Kó tó di pé o lẹ ọ̀kan yẹn mọ́ mi, mo ti gbà pé wọ́n á gé e. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ìgbà tó wá ń pọ́n yẹn, tí o pariwo, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, tí mo bá gba ìkejì, tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Tí mi ò bá gbà á, ó ṣì wà nílẹ̀, kò tíì jákulẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń jágbe mọ́ wọn, tí mo ń fi íǹkì dá wọn lóhùn, ìbẹ̀rù ni mò ń bá jà, mi ò sì mọ̀. Ojú tì mí, omi sì wá sí ojú mi.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?"

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún?" ni wọ́n wí. "Ṣebí ìwọ lo ṣe báńdéèjì yẹn."